Ọwọ́ Ta Ni Ọmọ Náà Wà? Ẹ̀kọ́ Lórí Mímú Àwọn Ọmọ Lọ Ṣeré ní Ìlú Etí Òkun

Bíbélì kíkà: Lúùkù 2:41-52; Deuterónómì 22:8; Sekaráyà 8:4-5.

Ète ẹ̀kọ́: Kí àwa ìyá lè mọ bí a ṣe ń yan ibi ìgbafẹ́ tó yẹ ọmọdé nígbà tí a bá mú wọn lọ sí ìlú etí òkun, kí olúkúlùkù wa sì mọ ojúṣe rẹ̀ níbẹ̀.

 

Bí ìsinmi iléèwé bá ti ń sún mọ́, ohun kan náà ni àwọn ọmọ máa ń bi wá: "Màmá, níbo la ó lọ?" Ìbéèrè náà kò burú. Àwọn àgbà wa ní ogún ọmọdé kì í ṣeré fún ogún ọdún. Ìgbà eré kúrú, kò sì sí ẹni tó lè pè é padà. Nígbà tí wòlíì Sekaráyà ń sọ bí Jerúsálẹ́mù yóò ti rí nígbà tí Ọlọ́run bá tún un ṣe, kò sọ ti ògiri àti wúrà. Ó sọ ti àwọn arúgbó tó jókòó pẹ̀lú ọ̀pá wọn, àti àwọn ọmọkùnrin àti ọmọbìnrin tí ń ṣeré káàkiri ìgboro. Níbi tí ọmọdé bá ti lè ṣeré láìsí ewu, àlàáfíà Ọlọ́run ti dé ibẹ̀.

Àwa tí a wà ní Imoru àti ní agbègbè Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ̀, àárín igbó àti oko ni a tẹ̀dó sí. Odò ni àwọn ọmọ wa mọ̀, wọn kò mọ òkun. Ìdí nìyí tí ọkàn wọn fi máa ń fà sí Èkó àti Àgbádárìgì, tí wọ́n sì fẹ́ lọ fi ojú ara wọn rí omi tí kò ní òdìkejì. A kò ní fi ẹ̀kọ́ yìí dí wọn lọ́nà. Ohun tí a fẹ́ ni pé kí iye tí a kó lọ náà ni a ó kó bọ̀.

OHUN TÍ OJÚ WA RÍ

Ní ọdún kan, a kó ọmọ 27 lọ sí etí òkun. Àwa ìyá mẹ́jọ ni a tẹ̀ lé wọn. Ẹni tó bá gbọ́ iye wa yóò ní a pọ̀ tó. Nígbà tí a dé ibẹ̀, àwọn kan ń bu oúnjẹ, àwọn kan ń wá ibi tí òjìji wà, àwọn kan ń bá onímọ́tò sọ̀rọ̀ lórí àkókò tí a ó padà. Olúkúlùkù wa gbà lọ́kàn pé àwọn yòókù ń wo àwọn ọmọ.

Ọmọkùnrin ọmọ ọdún mẹ́fà kan rìn lọ sí etí omi láti fọ yanrìn kúrò lẹ́sẹ̀. Ìgbì kan wá, ó gbá a lẹ́sẹ̀, ó sì ń fà á lọ. Kò pariwo. Kò sí ọ̀kankan nínú wa tó rí i. Ọkùnrin kan tí ń ta àgbọn ló ju agbọ̀n rẹ̀ sílẹ̀, tó sáré wọ inú omi títí dé àyà, tó sì dì í mú ní ẹ̀wù. Bàtà ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ni òkun gbé lọ. A dúpẹ́, a sunkún, a sì kọrin bọ̀ nínú mọ́tò.

Nígbà tí a dé ilé, a ṣàlàyé fún ìyá ọmọ náà. Kò bú wa. Kò gbé ohùn sókè. Ohun kan ṣoṣo ló bi wá: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ìyá mi, ọwọ́ ta ni ọmọ mi wà?" A wo ojú ara wa. Mẹ́jọ ni wá, ṣùgbọ́n a kò rí orúkọ ẹyọ ẹnìkan dá. Láti ọjọ́ náà ni ìbéèrè yìí ti di ẹ̀kọ́ fún wa, òun náà ni a sì gbé wá síwájú yín lónìí.

ỌMỌ ỌDÚN MÉJÌLÁ TÓ KÙ SẸ́YÌN

Ẹ jẹ́ kí a ka Lúùkù orí kejì dáadáa. Jósẹ́fù àti Màríà kì í ṣe aláìbìkítà. Lọ́dọọdún ni wọ́n ń lọ sí Jerúsálẹ́mù fún àjọ Ìrékọjá. Ẹni tí Ọlọ́run fúnra rẹ̀ fi ọmọ sí lọ́wọ́ ni wọ́n. Síbẹ̀, wọ́n rin ìrìn odidi ọjọ́ kan kí wọ́n tó mọ̀ pé Jésù kò sí pẹ̀lú wọn. Kí ló fà á? Ọ̀pọ̀ èrò ni. Wọ́n rò pé ó wà láàárín ẹgbẹ́ arìnrìnàjò. Wọ́n wá a láàárín ẹbí àti ojúlùmọ̀, wọn kò rí i. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n tó rí i nínú tẹ́ńpìlì.

Ẹ̀yin arábìnrin, ọ̀pọ̀ èrò kì í ṣọ́ ọmọ. Ẹni tí a bá dárúkọ ní í ṣọ́ ọmọ. Bí ìyá Olúwa wa bá lè ṣì í rò bẹ́ẹ̀ nínú ẹgbẹ́ àwọn olùjọsìn, àwa náà lè ṣì í rò. Ẹ tún ṣàkíyèsí pé inú tẹ́ńpìlì ni ọmọ náà wà. Létí òkun, ọjọ́ mẹ́ta pẹ́ jù. Ìṣẹ́jú mẹ́ta gan-an pẹ́ jù.

Òfin Mósè inú Deuterónómì 22:8 kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ kejì. Òrùlé àwọn ará ibẹ̀ tẹ́jú, orí rẹ̀ ni wọ́n ti ń gba atẹ́gùn. Ọlọ́run kò ní kí wọ́n má gun òrùlé. Ohun tó ní kí onílé ṣe ni pé kí ó mọ ògiri kékeré yí i ká, kí ẹnikẹ́ni má baà já bọ́, kí ẹ̀jẹ̀ má sì wà lọ́rùn ilé náà. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ọ̀rọ̀ ìgbafẹ́. Kò sí èèwọ̀ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ògiri yí i ká.

ÒKUN KÌ Í ṢE ODÒ

Ọmọ tó mọ̀ ọ́n wẹ̀ nínú odò abúlé kò tíì mọ òkun. Ìgbì òkun apá tiwa lágbára, ilẹ̀ abẹ́ omi sì máa ń jìn lójijì, tó fi jẹ́ pé ẹni tí omi mu dé orúnkún lè gbé ìṣísẹ̀ méjì kí omi dé ọrùn rẹ̀. Bí ìgbì bá ti ya sí etíkun, omi náà gbọ́dọ̀ padà. Nígbà mìíràn yóò kóra jọ sí ojú kan, yóò sì máa ṣàn padà sínú òkun bí odò, pẹ̀lú agbára tó ju ti àgbà olómi lọ. Ibi tí ìgbì kò ti ga, tó dà bí ẹni pé ó rọlẹ̀ láàárín ìgbì méjì, ibẹ̀ gan-an ni omi náà sábà máa ń gbà. Ibẹ̀ sì ni ojú ọmọdé máa ń lọ, nítorí ó jọ ibi tí kò léwu.

Ẹ jẹ́ kí a tún mọ ìgbà. Láàárín oṣù Kẹfà sí oṣù Kẹsàn-án, ìgbì ńlá máa ń ti ìhà gúúsù òkun Àtìláńtíìkì wá. Ìgbà náà gan-an ni ìsinmi gígùn iléèwé bọ́ sí. Òwe wa ní òkun kì í hó ruru ká wà á ruru. Nítorí náà, bí ó bá jẹ́ ìsinmi gígùn ni a ó lọ, ẹ jẹ́ kí á yan ọgbà tó ní odi àti àwọn ibi ìtàn inú ìlú, kí a fi òkun sílẹ̀ di ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò pé ní ọdún 2021, nǹkan bí 300,000 ènìyàn ni omi pa ní gbogbo ayé, àti pé nǹkan bí ẹnìkan nínú mẹ́rin wọn ni kò tíì pé ọmọ ọdún márùn-ún. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ wọ̀nyí kì í pariwo. Ẹnu tí yóò fi ké ni omi ti dí. Ẹni tó bá ń dúró de igbe kò ní gbọ́ nǹkan kan.

ÌBÉÈRÈ MÁRÙN-ÚN KÍ A TÓ YAN IBI KAN

1. Ǹjẹ́ ojú wa yóò ká gbogbo ọmọ níbẹ̀? Ojú l'alákàn fi ń ṣọ́rí. Ọgbà tó ní odi àti ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo sàn ju pápá tí ó ṣí sílẹ̀ sí títì tàbí sí omi lọ, bí ó ti wù kí ibẹ̀ lẹ́wà tó.

2. Ǹjẹ́ ibẹ̀ bá ọjọ́ orí wọn mu? Jangirọ́fà àti yanrìn ti tó ọmọ ọdún mẹ́rin. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ń fẹ́ ibi tí yóò ti béèrè ọ̀rọ̀. Kí a má ṣe fi ibi tí àgbà fẹ́ ya fọ́tò ṣe ibi tí ọmọdé yóò ti ṣeré.

3. Ǹjẹ́ òjìji, omi mímu àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tó mọ́ wà níbẹ̀? Ọmọ tí kò rí ibi tọ̀ ni yóò yọ́ lọ sí ẹ̀yìn igbó tàbí etí omi.

4. Ọ̀nà wo ni a ó gbà dé ibẹ̀? Láti ọ̀dọ̀ wa dé Èkó kì í ṣe ìrìn wákàtí kan tàbí méjì. Kí a má ṣe rìn ní òru. Ẹ jẹ́ kí á sùn sí ọ̀dọ̀ ìjọ kan níbẹ̀, kí ọmọ tó rẹ̀ má baà di ọmọ tí kò gbọ́ràn. Bí a bá ní láti wọ ọkọ̀ ojú omi, kí olúkúlùkù ọmọ wọ jákẹ́ẹ̀tì tí í mú ni léfòó, kí ó sì bá a mu. Èyí tó tóbi jù yóò bọ́ lọ́rùn rẹ̀ nínú omi. Ọkọ̀ tí kò bá ní i, ẹ má wọ̀ ọ́.

5. Kí ni ọmọ náà yóò mú bọ̀ wálé? Kí ó ní ìtàn kan tàbí ìmọ̀ kan tí yóò sọ fún bàbá rẹ̀.

Kí a tó kó ọmọ kankan lọ, ẹ jẹ́ kí ẹni méjì nínú wa kọ́kọ́ lọ wo ibẹ̀, kí wọ́n béèrè owó ìwọlé àti àkókò tí wọ́n ń ṣí. Ohun tí a gbọ́ ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn lè ti yí padà.

ÀWỌN IBI TÍ A LÈ GBÉ YẸ̀ WÒ

Àgbádárìgì ni a ó kọ́kọ́ dárúkọ, nítorí ilé ìyá wa ni nínú ìgbàgbọ́. Ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1842 ni Thomas Birch Freeman, oníwàásù ìjọ wa, gúnlẹ̀ síbẹ̀. Ara Áfíríkà ni bàbá rẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì ni ìyá rẹ̀. Abẹ́ igi Àgíà ni ó ti wàásù. Igi náà wó ní ọdún 1959, ṣùgbọ́n ohun ìrántí wà níbi tó wà. Kò jìnnà síbẹ̀ ni ilé alájà àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà wà, èyí tí àwọn míṣọ́nnárì C.M.S. parí ní ọdún 1845. Ọmọ lè fi ẹsẹ̀ rìn láti ibi kan dé ìkejì láàárín ìlú, láìfi ẹsẹ̀ kan òkun rárá. Erékùṣù Gbẹ̀rẹ̀fú, níbi tí wọ́n ti kó àwọn ẹrú wọ ọkọ̀ lọ sí òkè òkun, wà ní òdìkejì ọ̀sà. Ọkọ̀ ojú omi ni a ń wọ̀ débẹ̀, a ó sì tún rìn lórí yanrìn nínú oòrùn kí a tó rí òkun. Ẹ jẹ́ kí àwọn tó ti ju ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ nìkan dé ibẹ̀, nítorí ìrìn náà àti nítorí ìtàn náà. Kí á sọ ìtàn ọ̀hún fún wọn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kí á sì gbàdúrà lẹ́yìn rẹ̀.

Ní Lẹ́kìí, ọgbà ìdáàbòbò ẹ̀dá tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1990 wà. Igbó àti àbàtà ni, ó fẹ̀ tó hẹ́kítà 78, afárá pákó sì gba orí àbàtà náà kọjá. Àwọn ọmọ yóò rí ọ̀bọ, ẹyẹ àti ẹja. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n mú oúnjẹ lọ́wọ́ níwájú ọ̀bọ, ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n kúrò lórí afárá. Afárá gíga tí wọ́n so sókè láàárín igi wà níbẹ̀ pẹ̀lú, gígùn rẹ̀ tó mítà 401. Ó máa ń mì bí ènìyàn bá ń rìn lórí rẹ̀. Ọmọ tí ẹ̀rù bá bà, ẹ má fi tipátipá mú un gùn ún, ẹ má sì jẹ́ kí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

Ní erékùṣù Èkó gan-an, Freedom Park tí wọ́n ṣí ní ọdún 2010 dára fún àwọn ọmọ tó ti dàgbà díẹ̀. Ọgbà ẹ̀wọ̀n àwọn òyìnbó ni tẹ́lẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ti Herbert Macaulay mọ́ nígbà kan. Ó ní odi, ó ní òjìji, ó sì wà láàárín ìlú. Tí ọmọ bá gbọ́ pé ibi tí wọ́n ti ń ti ènìyàn mọ́ ni ó ti ń sáré kiri yìí, yóò ní ìbéèrè púpọ̀ láti bi wá.

Àwọn àgbà wa yóò rántí Bar Beach. Ibẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀ mọ́, ilẹ̀ ìlú tuntun Eko Atlantic ti gba ojú rẹ̀. Tarkwa Bay, tí ògiri òkúta ẹnu èbúté Èkó ń ṣíji bò, ni omi rẹ̀ rọlẹ̀ ju ti àwọn etí òkun mìíràn lọ. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ ojú omi ni a ń wọ̀ débẹ̀, ohun tí a sì ti sọ nípa jákẹ́ẹ̀tì dúró.

Ìpínlẹ̀ wa náà ní etí òkun, ní ilẹ̀ Ìlàjẹ. Ó sún mọ́ wa ju Èkó lọ. Ṣùgbọ́n àwọn ará Ayétòrò, ìlú tí àwọn onígbàgbọ́ dá sílẹ̀ ní ọdún 1947, ti rí bí òkun ṣe ń gbé ilé wọn lọ ní ọdọọdún. Bí a bá fẹ́ mú àwọn ọmọ lọ sí apá ibẹ̀, ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ ọmọ ìlú tó mọ omi, kí á sì gba ohun tó bá sọ.

ÈTÒ ỌJỌ́ NÁÀ

Kí á tó kúrò nílé, ẹ jẹ́ kí á kọ orúkọ sílẹ̀. Ìyá kan, ọmọ márùn-ún, kò gbọdọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ; bí wọ́n bá kéré sí ọmọ ọdún mẹ́fà, ọmọ méjì péré. Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan mọ orúkọ ìyá tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyá tó bá fẹ́ lọ gbọ̀nsẹ̀ tàbí bu oúnjẹ gbọ́dọ̀ dárúkọ ẹni tó fi wọ́n lé lọ́wọ́, kí ẹni náà sì dáhùn pé òun ti gbà wọ́n. Ìdákẹ́ kì í ṣe ìdáhùn.

Ẹ wọ ẹ̀wù aláwọ̀ kan náà fún gbogbo wọn, kí ó jẹ́ àwọ̀ tó tàn. Ẹ má wọ aláwọ̀ búlúù, nítorí omi ni yóò jọ. Ẹ kọ nọ́ńbà fóònù sí ìwé pélébé, kí ẹ fi í sí àpò wọn. Ẹ máa pe orúkọ ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Létí òkun, kí omi má kọjá kókósẹ̀ ọmọ, kí ọwọ́ àgbà sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé rọ́bà tí a fẹ́ atẹ́gùn sí. Atẹ́gùn ni yóò tì í lọ sí àárín omi.

Bí omi bá gbé ènìyàn, ẹni tí kò mọ̀ ọ́n wẹ̀ kò gbọdọ̀ bẹ́ sómi. Ẹ ké pe àwọn apẹja àti ẹ̀ṣọ́, ẹ ju okùn tàbí kẹ́ẹ̀gì òfìfo tí a ti dé lẹ́nu sí i. Ẹ kọ́ àwọn ọmọ tó ti dàgbà pé bí omi bá ń fa wọn lọ, kí wọ́n má bá a jà, kí wọ́n léfòó, kí wọ́n sì máa wẹ̀ lọ sí ẹ̀gbẹ́ títí wọn yóò fi kúrò nínú agbára rẹ̀. Bí a bá gbé ọmọ jáde tí kò mí, ẹ má ṣe gbé e dorí kodò láti da omi jáde. Àkókò nìyẹn ń jẹ. Ẹ tẹ́ ẹ sórí ilẹ̀, ẹ fẹ́ atẹ́gùn sí i lẹ́nu, ẹ máa tẹ àyà rẹ̀, kí ẹlòmíràn sì wá mọ́tò lọ sí ilé ìwòsàn. Bí ó bá tilẹ̀ jí tó ń rẹ́rìn-ín, ẹ ṣì gbé e lọ bá dókítà. Yóò dára kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan pe nọ́ọ̀sì kan láti wá kọ́ wa ní èyí kí a tó rìnrìn àjò.

BÍ OWÓ KÒ BÁ SÍ

Kí ìyá kankan má ṣe jẹ gbèsè nítorí ìgbafẹ́. Mùsíọ́mù Ọ̀wọ̀ wà nítòsí wa, òkè Ìdànrè náà kò jìnnà. Ọgbà ilé ìjọsìn tí a ti ro, tí a so jangirọ́fà méjì sí, tí ìyá méjì jókòó tì, ti tó fún ayọ̀ ọmọdé. Òfin kan náà ni a ó sì lò níbẹ̀: kí á lè dárúkọ ẹni tí ọmọ wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọmọkùnrin tí omi fẹ́ gbé lọ ní ọjọ́ náà ṣì wà láàyè. Ìyá rẹ̀ ṣì ń bá wa jókòó ní ìpàdé. Nígbà tí a tún ṣètò ìrìnàjò mìíràn, òun ni ó kọ́kọ́ dìde. Ó ní òun yóò jẹ́ kí ọmọ òun lọ, ṣùgbọ́n kí wọ́n ka orúkọ ìyá tí yóò mú un lọ́wọ́ sétí òun. A kà á sókè níwájú gbogbo ẹgbẹ́. Ẹni tí a dárúkọ rẹ̀ dìde dúró, ó sì wí pé, "Èmi ni, Màmá. Ọwọ́ mi ni ó wà."

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

1. Kí ló mú kí Jósẹ́fù àti Màríà rìn fún odidi ọjọ́ kan láìmọ̀ pé Jésù kò sí pẹ̀lú wọn? Níbo ni àwa náà ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ nínú ìjọ wa?
2. Ògiri wo ni ó yẹ kí á mọ yí ibi tí àwọn ọmọ ti ń ṣeré ní agbègbè wa ká?
3. Ta ni nínú ẹgbẹ́ wa tó mọ̀ ọ́n wẹ̀, ta ló mọ ìtọ́jú pàjáwìrì, báwo ni wọ́n ṣe lè kọ́ àwa yòókù?
4. Ọmọ wo ni ní àdúgbò wa tí kò ní ẹni tí yóò mú un lọ ṣeré? Ọwọ́ ta ni a ó fi í sí?

ÀDÚRÀ

Baba wa ọ̀run, ìwọ tí o fún wa ní àwọn ọmọ wọ̀nyí, fún wa ní ojú tí kì í tòògbé lórí wọn. Dárí ìgbà tí a ti gbàgbé jì wá. Ṣọ́ wọn lórí ilẹ̀ àti lórí omi, kó wọn lọ, kó wọn bọ̀, ní orúkọ Jésù Krístì Olúwa wa. Àmín.